Oòrùn, Ọmọ Ọwọ́ àti Àwọn Onílàjà Inú Ara

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní ìlú Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó bí àkọ́bí rẹ̀ nígbà òtútù. Ọmọ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ fi tẹ̀ mí láago. Ohùn rẹ̀ kò já gaara. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Nọ́ọ̀sì tí ó ń wá wò wá nílé ní kí n lọ gba oògùn kan tí n ó máa kán sí ọmọ lẹ́nu lójoojúmọ́. Ó ní fítámì D ni. Ọmú nìkan ni mò ń fún ọmọ yìí o. Ṣé ọmú mi kò dára tó ni?"

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí ó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ bá a tọ́jú ìkókó, ti sọ fún un pé òun tọ́ ọmọ mẹ́fà yè láìkán fítámì kankan sí wọn lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ti sọ èyí tí ó yàtọ̀ pátápátá. Ó ní kí ó lọ ra oògùn oníhóró tí agbára rẹ̀ pọ̀, kí òun àti ọkọ rẹ̀ máa gbé e mì ní méjì méjì láràárọ̀, nítorí pé ẹni tí fítámì D bá ti kún ara rẹ̀, àìsàn kò lè wọlé tọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ di mẹ́ta, ó sì dojú rú mọ́ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

Èsì tí mo fún un lọ́jọ́ náà kò gùn. Mo ní kí ó kán oògùn náà sí ọmọ lẹ́nu bí nọ́ọ̀sì ti wí, kí ó sì fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ gùn, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá ọmọ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, nílé àti lẹ́yìn odi, ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè ká mọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò. Fítámì D tí àwọn àgbà mọ̀ sí oògùn eegun nìkan ti di ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń tọpasẹ̀ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, èyíinì ni àárín àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń dáàbò bo ara, àti ní pàtàkì àárín àwọn tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti kó àwọn ẹ̀ṣọ́ náà níjàánu.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ara ní ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ a wú, a pọ́n, a gbóná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti dé síbẹ̀ láti bá kòkòrò àrùn jà. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ara rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ni ó ń kọ́ ogun jíjà. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ ogun jà, tí kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó tó, eléwu ni. Ọdẹ òru tí ó lé olè lọ tán, tí ó wá padà sínú ilé tí ó ń na onílé, kí ni a ó ti pe tirẹ̀?

Àwọn àìsàn kan wà tí ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Nínú irú àtọ̀gbẹ tí ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara fúnra wọn ni ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ínsúlínì run. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní lupus, wọn a kọlu awọ ara, wọn a kọlu oríkèé, wọn a sì kọlu kíndìnrín. Ọ̀rọ̀ lupus yìí kan àwa obìnrin gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó ní i, bí mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ obìnrin, ọjọ́ orí ìbímọ ni ó sì sábà máa ń bá wọn. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń mú obìnrin aláwọ̀ dúdú ju obìnrin aláwọ̀ funfun lọ.

Ta ni ó wá ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́kun lára ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣe? Sẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín wọn, díẹ̀ ni iye rẹ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pẹ̀tù sí àwọn tí ń jà. Onílàjà ni n ó máa pè é.

Ẹ tilẹ̀ ro ti oyún wò. Ìdajì ohun tí a fi dá ọmọ, láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti wá. Lójú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ìyá, àjèjì ni ìdajì yìí. Bí wọ́n bá yọ kíndìnrín kan lára ọkọ yín, tí wọ́n fi sí yín lára, oògùn tí yóò dá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara dúró ni ẹ ó máa lò títí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara yóò kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ẹ gbé ọmọ ọkunrin kan náà fún oṣù mẹ́sàn-án, ara gbà á, ó bọ́ ọ, ó sì ṣọ́ ọ. Àwọn onílàjà wà nídìí àlàáfíà náà. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí fi hàn lára eku pé bí wọ́n bá mú àwọn onílàjà kúrò lára ìyá eku tí akọ rẹ̀ wá láti ìran mìíràn, ara rẹ̀ a dìde sí oyún inú rẹ̀, oyún náà a sì bàjẹ́. Èmi kò lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n má rántí iye ìgbà tí wọ́n ti di ẹ̀bi oyún tí ó wálẹ̀ ru obìnrin tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Gbogbo oyún tí ó ń bàjẹ́ kọ́ ni ó ti ibẹ̀ wá o, ìdí rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ara jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó gbà pé onílàjà wà. Ọ̀pọ̀ wọn ti pa ọ̀rọ̀ náà tì nígbà tí Shimon Sakaguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ṣì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn eegun àyà tí ó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lára ọmọ eku ní ọjọ́ kẹta tí a bí i, èrò ẹni ni pé agbára ìjà yóò dín kù lára rẹ̀. Òdì kejì ni ó ṣẹlẹ̀: àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó kù dojú ìjà kọ ara eku fúnra rẹ̀. Sakaguchi mú sẹ́ẹ̀lì láti ara eku tí ara rẹ̀ pé, ó fi sí èyí tí wọ́n ti yọ tirẹ̀, ìjà náà sì rọlẹ̀. Ní ọdún 1995 ni ó tọ́ka sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní pàtó.

Ní Amẹ́ríkà ní tiwọn, ìran eku kan wà tí ó ti fara hàn láti àwọn ọdún 1940 ní ilé ìwádìí kan ní Oak Ridge. Awọ ara àwọn akọ inú wọn a máa ṣí pẹ́ẹ́rẹ́pẹ́, wọn a sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mary Brunkow àti Fred Ramsdell wá ìdí rẹ̀ títí wọ́n fi rí i ní ọdún 2001: àléébù kan ṣoṣo ni, nínú àṣẹ kan tí a kọ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n sọ ní FOXP3. Àléébù kan náà ni wọ́n bá lára àwọn ọmọkùnrin kéékèèké kan tí àtọ̀gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá àti ara yíyún ń bá jà láti ìkókó. Ní ọdún 2003, Sakaguchi so okùn méjèèjì pọ̀: FOXP3 ni ó ń sọ sẹ́ẹ̀lì di onílàjà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fún ní Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Níbo wá ni fítámì D ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Awọ ara wa ni ilé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìtànṣán oòrùn bá kan ara tí aṣọ kò bò, ọ̀rá kan tí ó wà nínú awọ a yí padà di fítámì D. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a tún un ṣe. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dé kíndìnrín, tí yóò ti di ojúlówó ohun tí ara ń lò. Fún ọdún gbọọrọ, iṣẹ́ eegun nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí pé òun ni ó ń jẹ́ kí ìfun gba kálísíọ̀mù inú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1983 ni wọ́n rí ohun kan tí ó yà wọ́n lẹ́nu lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun: àyè wà nínú wọn tí fítámì D yìí ń bọ́ sí wẹ́kú, bí kọ́kọ́rọ́ ti ń bọ́ sínú ihò ìlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kì í dá ihò kọ́kọ́rọ́ sí ìlẹ̀kùn tí kò ní ṣí. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún rí i pé àwọn ẹ̀ṣọ́ kan kì í dúró de kíndìnrín rárá. Àwọn fúnra wọn lè gba èyí tí ẹ̀dọ̀ ti tún ṣe, kí wọ́n sì parí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ogun. Ibi ọmọ tí ó wà nínú ilé ọmọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì, ó sì yẹ kí ẹ fi sùúrù bá mi lọ níhìn-ín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ó jẹ́ alóre. Wọn kì í jà. Wọn a máa wo àyíká, wọn a sì máa mú ìròyìn lọ fún àwọn jagunjagun. Bí alóre bá ké tantan, ogun dé nìyẹn. Nígbà tí fítámì D bá kan alóre lára, ohùn rẹ̀ a rọlẹ̀: ọ̀rọ̀ ìjà a dín kù lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpẹ̀tù a sì pọ̀ sí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun tí kò tíì yan iṣẹ́, tí wọ́n sì gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, a máa tẹ̀ sí ọ̀nà onílàjà. Fítámì D náà a sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ láìsí alárinà. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wá láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sínú abọ́, wọ́n fi ojúlówó fítámì D sí i pẹ̀lú èròjà mìíràn tí ara fi ń bọ́ onílàjà. FOXP3 fara hàn nínú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jà lẹ́kun.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀lẹ ni ó ń sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ dà. Àwọn olùwádìí ní Los Angeles fi hàn ní ọdún 2006 pé nígbà tí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wọ inú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń gbé kòkòrò mì, fítámì D ni wọ́n fi ń rọ ohun ìjà tí ó ń pa á. Nígbà tí wọ́n lo omi ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tí fítámì D inú rẹ̀ kéré, ohun ìjà náà kò tó. Nígbà tí wọ́n fi fítámì D kún un, ó tó. Ohun kan náà tí ń mú ẹ̀ṣọ́ mọ ìjà ni ó ń bá a mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró.

Ẹ wá dúró díẹ̀ ná. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ tàbí lára eku lè má ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín, ibi tí ọ̀rẹ́ ọmọ wa nì ti ṣìnà sì nìyí. Ní apá àríwá ilẹ̀ Finland, wọ́n tọpinpin àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ kí a bí ní ọdún 1966. Àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D déédéé ní ọdún àkọ́kọ́ ayé wọn kò ní àtọ̀gbẹ ọmọdé tó àwọn tí wọn kò fún. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyá tí ó rántí láti fún ọmọ ní oògùn déédéé lè ti yàtọ̀ sí ìyá kejì ní ọ̀nà mìíràn tí kò hàn sí wa. Ìwádìí tí ó ṣòro láti jiyàn sí ni ti Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Àgbàlagbà 25,871 ni ó wà nínú rẹ̀, ìbò ni wọ́n fi pín wọn. Àwọn tí ó lo yúníìtì 2,000 lójúmọ́ fún bí ọdún márùn-ún rí ìdínkù ìdá 22 nínú 100 nínú irú àìsàn tí ẹ̀ṣọ́ ń bá onílé jà. Ní Mongolia ẹ̀wẹ̀, wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní fítámì D fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ 8,851 ni ó kópa, kò sì dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, gẹ́gẹ́ bí èsì ọdún 2020 ti wí. Fún àwọn aláboyún, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sọ pé kí gbogbo wọn máa lò ó. Ẹni tí wọ́n bá fura pé tirẹ̀ kò tó ni wọ́n ní a lè fún. Àìní rẹ̀ ni ó léwu. Ẹni tí ó bá ti ní èyí tí ó tó, àpọ̀jù kò ní sọ onílàjà rẹ̀ di méjì.

Ta wá ni kò ní tó? Awọ dúdú wa jẹ́ agboòrùn tí Ọlọ́run fi bo ara wa. Ó ń dènà ìtànṣán líle, ṣùgbọ́n ó tún ń jẹ́ kí ó pẹ́ kí a tó rí fítámì D tí ó tó. Ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, oòrùn pọ̀ tí agboòrùn náà kò fi pa wá lára. Ní Manchester, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn kò lágbára tí awọ ara ẹnikẹ́ni lè fi pèsè rẹ̀, àmbọ̀sì awọ tiwa lábẹ́ kóòtù. Ìdí nìyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí àwọn tí awọ ara wọn dúdú ro ti lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ yípo ọdún, èyí tí í ṣe yúníìtì 400. Kí ọmọ tí ń mu ọmú sì máa gba máíkírógíráàmù 8.5 sí 10 láti ọjọ́ tí a bí i títí yóò fi pé ọdún kan. Ọmọ tí ń mu tó ìdajì lítà wàrà inú agolo lójúmọ́ kò nílò rẹ̀, wọ́n ti fi sínú wàrà náà. (Ẹni tí yóò bá sì tìtorí èyí wí pé kí òun bó ara òun kí oòrùn lè ríbi wọlé, kí ó jọ̀wọ́ ka ìpín yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Agboòrùn ni ó fẹ́ fà ya.)

Ọmú ìyá kò ní àbùkù o. Fítámì D nìkan ni ó kéré nínú rẹ̀, nítorí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, oòrùn ni ó ń fún ọmọ ní tirẹ̀, ọmú kọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má sé ọmọ mọ́ inú yàrá látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Oòrùn tí ó gba ojú fèrèsé onígíláàsì wọlé kò ka nǹkan kan, gíláàsì ti gba ohun tí a ń wá. Oòrùn kùtùkùtù náà kò lágbára tó. Ìgbà tí òjìji yín bá kúrú jù yín lọ ni oòrùn ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo wí o, èmi kò ní kí ẹ sá ọmọ bí èlùbọ́. Nínú oúnjẹ, ẹja ọlọ́ràá bíi títùs, ṣàwá àti sàdíìnì ni ó ní i jù. Pupa ẹyin náà ní díẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ kọrọdọ níbi tí oòrùn pọ̀ bí tiwa, ẹ má yára sáré ra fítámì D. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ní irú àrùn eegun yìí, tí ó jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé kálísíọ̀mù ni ó sábà ń wọ́n wọn lóúnjẹ. Kálísíọ̀mù nìkan, tàbí òun pẹ̀lú fítámì D, ṣe wọ́n láǹfààní ju fítámì D nìkan lọ. Edé, ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegun teegun, wàrà àti wàràǹkàṣì wúlò níbẹ̀, dókítà ni yóò sì sọ ìyókù.

Ẹni tí ó bá ní lupus, ẹ má ṣe tìtorí ohun tí ẹ kà yìí lọ jókòó sí oòrùn. Oòrùn a máa ru àìsàn náà sókè. Lọ́wọ́ dókítà ni kí ẹ ti gba fítámì D tiyín.

Ó ku ti ọ̀rẹ́ ọmọ wa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi fítámì D sí wàrà àwọn ìkókó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi sí oúnjẹ wọn, epo ẹ̀dọ̀ ẹja tún wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ìkókó kan bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọn kò jẹun, wọn kò sanra, nítorí pé kálísíọ̀mù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìjọba ní láti dín in kù. Àgbà kò gbọdọ̀ kọjá yúníìtì 4,000 lójúmọ́ láìgba àṣẹ dókítà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ kọjá 1,000. Lẹ́tà IU ni wọ́n fi ń kọ yúníìtì sára ìgò.

Mo ní kí ọmọ wa gbé ìgò tirẹ̀ kí ó kà á sí mi létí lórí fóònù. Ẹ̀kán márùn-ún ni ìwọ̀n ọmọ nínú ìgò tí nọ́ọ̀sì ní kí ó gbà. Ìgò mìíràn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bá a rà wà nílẹ̀, ẹ̀kán kan péré ni tirẹ̀. Bí ó bá kán márùn-ún nínú ìyẹn ńkọ́? Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti gbé ọ̀kan kúrò nílẹ̀. Mo bi í léèrè bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ń ṣe sí, nítorí pé àgbàlagbà tí kò jáde nílé nígbà òtútù nílò máíkírógíráàmù 10 tirẹ̀ náà. Wọ́n ti fún màmá ní tiwọn. Àwọn gan-an ni wọ́n ń béèrè láràárọ̀ báyìí pé ṣé ẹ ti kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu.